Ẹni Tó Kọ́kọ́ Dé Ló Ń Di Aṣọ Mú

Ẹ má tíì tú àtíbàbà yẹn. Mo ní ẹ má tíì tú u. Ìwọ tí o mú okùn dání, jọ̀ọ́, so ó padà. Àwọn àga tí ẹ ń tò léra wọn yẹn náà, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ wá jókòó sórí koríko níbí, kí n lè rójú yín. Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín. Mo mọ̀ pé ẹ ti jẹun, ẹ ti ya fọ́tò, àmì ẹ̀yẹ ti wà lọ́rùn yín, ọkọ̀ Ìwó Róòdù sì ń pe èrò níwájú ọjà lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n eré kò tíì parí. Ìyá Elépo ṣì wà lójú ọ̀nà.

Ẹ ò rí i pé n kò lè jókòó? Orúnkún ọ̀tún mi yìí kò fẹ́ kí n dúró pẹ́, ọkàn mi ni kò sì jẹ́ kí n jókòó. Ojú ọ̀run tó wà ní ìhà Abà Olóbì yẹn ń ṣú bọ̀, ọ̀nà ibẹ̀ sì ni obìnrin náà máa gbà wọlé. Kọ́láwọlé, ìwọ lo gba ipò kìíní, àbí? Ojú rẹ ríran ju tèmi lọ. Bá mi wo ẹ̀yìn igi kaṣú yẹn. Kò sí ẹnì kankan? Ó dáa. Máa wò ó lọ.

Mo bi yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ ní gbogbo yín ti pé, pé ìyá àgbà yẹn nìkan ló kù. Mo tún bi yín nípa Fúnmi, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé káńsù yìí, èyí tó fi aṣọ pupa di irun, tó ń tún okùn bàtà rẹ̀ so nídìí ilà láàárọ̀. Ẹnì kan nínú yín dáhùn pé yóò ti wọ ọkọ̀ lọ sílé. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ jọ sáré, ẹ̀yin lẹ mọ ara yín.

Aṣọ tó wà léjìká mi yìí, ìborùn ni. Àwọ̀ ewé ni nígbà kan rí. Oòrùn ti lá a títí, ó ti di àwọ̀ tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Àbààwọ́n epo tó wà ní igun rẹ̀ kò tíì jáde láti ọjọ́ yìí wá. Ìyá Elépo ló ni ín. Ẹ ó gbọ́ ìdí tí mo fi gbé e kọ́ èjìká, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yẹ.

Kí fóònù tó dé àpò gbogbo ènìyàn, àwa kan wà ní Ìyànà Ọ̀fà yìí tí à ń jẹ́ Ẹgbẹ́ Ìdájí. Tíṣà kan ló dá a sílẹ̀, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan. Dókítà ló ní kó máa sáré nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ojú wá ń tì í láti máa dá sáré gba àárín ọjà kọjá, níṣojú àwọn òbí ọmọ tó ń nà nílé-ìwé, ló bá gbé ọ̀rọ̀ náà wá bá mi lóko. Mo ní, "Tíṣà, ẹ wo ebè tí mo kọ láti àárọ̀. Kí ni mo tún fẹ́ máa sáré lọ ṣe?" Ó ní, "Ebè tí ò ń kọ yìí, ìwọ nìkan lò ń kọ ọ́. Ṣé ó máa ń bá ọ sọ̀rọ̀?" Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà oko mi, mo lọ. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Kí ọdún tó yípo, èmi ni mò ń lọ kan ilẹ̀kùn àwọn tó bá sùn gbàgbé.

Ẹ̀yin, orí fóònù lẹ ti ń mọ àkókò tí ẹ máa pàdé. Àwa Mùsùlùmí á kírun Àsùbá tán, àwọn Kìrìsìtẹ́nì á ti gbàdúrà tiwọn nílé, a ó wá kóra jọ síwájú ilé ẹ̀rọ gàrí. Ẹ̀rọ kò tíì dún. Afẹ́fẹ́ á kàn máa rùn bí ẹ̀gẹ́ tó ti kan. Ohun tí etí á kọ́kọ́ gbọ́ ni bàtà rọ́bà wa, pẹ́tẹ́ pẹ́tẹ́ lórí ọ̀dà, torí Tíṣà nìkan ló ní kánfáàsì. Tí a bá ti yà sí ọ̀nà oko, ìró náà á rọlẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀. Awó á fò dìde nínú koríko. Ajá kan wà ní Abà Olóbì tó máa ń gbó wa wọlé, tó tún máa ń gbó wa jáde, títí ó fi mọ̀ wá tán, tí òun náà ń bá wa sáré dé odò. Mo ṣì máa ń gbọ́ àwọn bàtà yẹn bí mo bá jí kí ilẹ̀ tó mọ́. N ó dìde jókòó, ẹsẹ̀ mi á fẹ́ máa lọ, n ó wá rántí orúnkún.

Abà Olóbì yẹn, ẹ jẹ́ kí n pa yín lẹ́rìn-ín díẹ̀, bóyá ara tèmi náà á balẹ̀. A kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí a ò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé wa. Gbogbo ènìyàn ló mọ òwe yẹn, òun ló sì dá wàhálà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn ará abà jí, wọ́n rí tíṣà, wọ́n rí àgbẹ̀, wọ́n rí akọ̀wé káńsù, wọ́n rí ìyá tó ń ta epo fún wọn, tí gbogbo wọn ń sáré bọ̀ láti ìhà ìlú láìsọ̀rọ̀. Wọn kò dúró bèèrè. Ọkùnrin kan gbé rédíò rẹ̀, òmíràn gbé adìyẹ tó ń sàba, obìnrin kan pọn ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ni gbogbo wọn bá ki eré mọ́lẹ̀ níwájú wa. Àwa rò pé wọ́n wá darapọ̀ mọ́ wa ni. Inú Tíṣà dùn débi pé ó ń kígbe tẹ̀lé wọn, "Ẹ káre o! Ẹ má jẹ́ kó rẹ̀ yín!" Igbe yẹn ló wá jẹ́ kí wọ́n kún eré.

Odò ni gbogbo wa jọ dúró sí. Baálẹ̀ wọn, bàbá arúgbó, ṣubú sórí koríko, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó bi mí pé, "Ṣé wọ́n ti padà lẹ́yìn wa?" Mo ní, "Àwọn wo, Bàbá?" Ó ní, "Àwọn tó ń lé yín." Mo ní kò sẹ́ni tó ń lé wa. Ó wò mí títí, ó ní, "Ẹ wá ń sáré?" Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti ń kọjá lábà yẹn, àwọn ọmọdé á máa pariwo, "Kò sẹ́ni tó ń lé yín o!" Ẹ̀rín la fi ń gun òkè ibẹ̀.

Nígbà tó yá, kò sí ibi tí wọ́n ti ń retí wa tó ibẹ̀. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ láti rán á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ bá mi sọ fún ọmọ mi tó wà ní Egbeda pé àna rẹ̀ ti dé." "Ẹ bá mi gba oògùn ikọ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì." A kì í dúró, ẹni tó wà níwájú á gbà á, á tún sọ ọ́ fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kó má baà gbàgbé. Àwa ni fóònù ìgbà yẹn. Nígbà tí fóònù gan-an dé, inú wa dùn, àwa náà rà á. A ò mọ̀ pé kò ní sí ẹni tó máa dúró sẹ́nu ọ̀nà dè wá mọ́.

Kọ́lá, ṣé ẹnì kankan ti yọ? Ọ̀kadà kẹ̀? Ta ló ní kí ọ̀kadà lọ gbé e wá? Àánú ló ṣe ọ́, ọmọ dáadáa ni ọ́, ṣùgbọ́n jókòó ná. Bí mo bá rán ọ̀kadà lọ, tó wá bá obìnrin yẹn níbi tó ti ń sáré bọ̀ jẹ́jẹ́, mo ti ba ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Kò ní bá mi sọ̀rọ̀ títí Iléyá á fi tún dé. Bí n kò bá sì rán an, tó jẹ́ pé ó ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ńkọ́? Kí ni n ó wí fún Kúdí ọmọ rẹ̀? Lánàá ni Kúdí pè mí láti Ìbàdàn, ó ní, "Bàbá, ẹ bá wa bẹ Màámi, kí wọ́n jókòó sílé." Mo ní ẹsẹ̀ ìyá rẹ kì í ṣe ẹsẹ̀ tèmi. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn lẹ́nu mi lánàá. Lónìí, ẹ̀rù ń bà mí. Mo sọ ọ́ síta kí gbogbo yín gbọ́, ẹ̀rù ń bà mí.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti aṣọ yìí kí òjò tó dé. Ní Sátidé tó bá tẹ̀lé Iléyá, a máa ń sá eré ọdún láti iwájú ọjà dé odò Abà Olóbì, a ó sì sá a padà. Èyí tí ẹ sá láàárọ̀ yìí, ọ̀nà wa náà ni. Lọ́dún àkọ́kọ́, Múfútáù bíríkìlà ló kọ́kọ́ dé. Ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn kì í pẹ́ nílẹ̀. Bó ṣe dé, ó mu omi, ó ní òun ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìkejì dé, òun náà lọ. Báyìí la ṣe ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a ń tú ká lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kálukú ń lọ síbi ẹran Iléyá rẹ̀. Ìyá Elépo ló kẹ́yìn. Ó sanra nígbà yẹn, ó sì ti ru garawa epo láàárọ̀ kó tó wá sáré. Nígbà tó máa fi dé iwájú ọjà, ewúrẹ́ ló bá níbẹ̀, tí wọ́n ń jẹ ewé ẹ̀kọ tí a jù sílẹ̀. Kò sunkún, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ó lé ewúrẹ́, ó lọ ta epo rẹ̀.

Sátidé kejì, ó mú ìborùn yìí wá. A ti ń nara kí a tó gbéra. Ó lọ bá Múfú, ó ní, "Múfú, ìwọ lo máa ń kọ́kọ́ dé, àbí?" Múfú rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "A jẹ́ pé ìwọ lo ráyè jù nínú gbogbo wa. Bí o bá dé lónìí, di etí kan aṣọ yìí mú. Kí ẹni tó bá ṣe ìkejì di etí kejì. Ẹ nà á sójú ọ̀nà, ẹ má sì ká a títí n ó fi gbà á kọjá." Múfú ní, "Ìyá Elépo, bí ẹ ò bá wá tètè dé ńkọ́?" Ó ní, "Wàá mọ bí ìdúró ṣe ń ro ènìyàn." Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Bó ṣe di òfin nìyẹn. Mo gbọ́ pé níbòmíràn, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń fi àyà já rìbọ́ọ̀nù. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń di aṣọ mú, ẹni tó kẹ́yìn ló ń gbà á kọjá, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fẹnu kan oúnjẹ kí aṣọ tó wálẹ̀. Ẹ ò bá rí Múfú nínú oòrùn, tí ọwọ́ rẹ̀ nà gbọọrọ, tí àkàrà gbígbóná ń ta á nímú. Kò pẹ́ tó fi rí ọgbọ́n dá sí i. Bó bá ti dé odò, á padà sẹ́yìn lọ bá àwọn tó ń falẹ̀, á máa kọrin fún wọn, á máa fà wọ́n lọ́wọ́ gun òkè, kí gbogbo wa lè jọ tètè dé, kí ọwọ́ tirẹ̀ lè sinmi. Ó rò pé òun ń rẹ́ wa jẹ ni. Ìyá Elépo kàn wò mí, ó ṣẹ́jú sí mi.

Bí ẹnì kan bá sì dé, a kì í bi í pé ìṣẹ́jú mélòó. Oríkì rẹ̀ là ń pè. "Àjàní, o káre!" "Àṣàkẹ́, ẹsẹ̀ kò ní já ọ kulẹ̀." Ẹnì kan á bu omi tútù sí ọ lẹ́sẹ̀, ẹlòmíràn á bọ́ bàtà rẹ, á gbọn iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ dànù. Akọ̀wé káńsù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀lẹ paraku ni kó tó wọ ẹgbẹ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sáré dé odò tó sì padà láìrìn rárá, bàbá rẹ̀ wọkọ̀ wá láti Egbeda kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Bàbá náà ṣí fìlà, ó ní, "Ọmọ tí ẹ̀ ń wò yìí, bí mo bá rán an lómi nílé, á ní ẹsẹ̀ ń dun òun." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín, ìgbà tó yá ó bú sẹ́kún. A gbé e yí ọjà ká.

N kò bú yín o. Mo rí i láàárọ̀ pé ẹ̀ ń pín omi mu, ẹ̀ ń gba ara yín níyànjú. Inú mi dùn, mo sọ lọ́kàn mi pé ẹgbẹ́ kò kú. Ṣùgbọ́n bí kálukú ṣe ń dé, aago ọwọ́ ló ń wò, fóònù ló ń kàn. Ọmọdé ṣubú, ó wo iwájú. Àgbà ṣubú, ó wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yin ń wo ẹni tó yára jù yín lọ pé báwo lẹ ṣe máa bá a lọ́dún tó ń bọ̀. Èmi kò lè gbójú kúrò níbi igi kaṣú yẹn.

Tíṣà ti lọ. Múfú náà ti lọ. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ kan la gbé e wọlẹ̀. Akọ̀wé wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Èkó, wọ́n ní kì í mọ ènìyàn mọ́. Abà Olóbì gan-an, ilé tuntun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo oko ibẹ̀ tán. Èmi àti Ìyá Elépo ló kù, orúnkún sì ti yọ èmi kúrò níbẹ̀. Òun nìkan ló ṣì ń sáré, ó ní ti ọdún yìí lòun máa fi pa á dé. Bí ẹ ṣe fẹ́ gbéra láàárọ̀, ó bọ́ aṣọ yìí léjìká ara rẹ̀, ó fi lé tèmi. Bó bá dé, tó tún bá ewúrẹ́ níbí lẹ́ẹ̀kejì, èmi ni yóò wò lójú, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ẹ gbọ́, àrá ti ń kù. Kọ́láwọlé, dìde, wá. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ rẹ fẹ́ lọ. Di etí yìí mú. Ta ló ṣe ìkejì? Ó ti lọ? Kò burú, èmi á di etí kejì. Orúnkún á gbà á. Fà á kó le, má jẹ́ kó kan ilẹ̀. Ó ń ro ọ́ lápá? Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Òjò ti ń kán báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ yà sábẹ́ àtíbàbà, ẹ yà síbẹ̀, àtíbàbà ṣì wà, ẹ ti rí àǹfààní rẹ̀. Ọlọ́kadà, ó ti tó, n kò lè fara dà á mọ́. Tan ọ̀kadà rẹ, lọ gbé Ìyá Elépo wá. Kó bínú sí mi bó bá fẹ́. Dúró ná. Jẹ́ kí n tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kí lo wí, Kọ́lá? Lẹ́yìn igi kaṣú? Ṣé ènìyàn ni? Ṣé ó ń rìn ni, àbí ó ń sáré? Ó ń sáré. Alihamudulilahi. Mo ti rí i báyìí. Òun ni. Èjìká òsì rẹ̀ ló máa ń ṣáájú, bí ẹni tó ṣì ru garawa epo. Pa ọ̀kadà yẹn. Ẹ bá mi pè é. Ẹ pè é ní Àṣàkẹ́, kò ní ka yín sí aláìmọ̀wàáhù, ẹni tó bá ń ti eré wọlé, oríkì la fi ń pàdé rẹ̀.

Kí ló wá dé tó ń wo ẹ̀yìn? Àṣàkẹ́, máa bọ̀, aṣọ rẹ rèé. Ó ti dé ìdí aṣọ, ó dúró, kò gbà á kọjá. Kí ló ṣe ọ́? Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó ń wí. Ó ní kí Kọ́lá má tíì ká aṣọ. Ó ní òun kọ́ lòun kẹ́yìn. Ó ní ọmọbìnrin kan ń bọ̀ lẹ́yìn, tó fi aṣọ pupa di irun, iṣan ẹsẹ̀ ló fà á létí odò, òun sì ti ń fà á lọ́wọ́ bọ̀ láti ibẹ̀. Òun kàn sáré ṣáájú rẹ̀ díẹ̀ ni, kí ọmọ náà má baà dé kó bá ewúrẹ́.

Fúnmi ni. Fúnmi tí ẹ ní ó ti wọ ọkọ̀ lọ sílé.

Ó ti gba etí aṣọ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n lọ jókòó. Mo ti ń jókòó, Àṣàkẹ́, wò ó, mo ti jókòó. Kọ́lá, ìwọ dúró síbẹ̀, má jẹ́ kí aṣọ dẹ̀. Ẹ̀yin yòókù, kí lẹ tún ń wò mí fún? Ẹ dìde. Ẹni yín ló wà nínú òjò yẹn.